Bí A Ṣe Ń Kun Ojú Màmá Tó Ti Lé ní Àádọ́ta Ọdún

Ẹ wo àwọn màmá wa ní òde ìnáwó èyíkéyìí ní Iléṣà: ìgbéyàwó ni o, ìsìnkú àgbà ni o, ọdún Ìwúde tó máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá ni o. Aṣọ òkè á dúró, gèlè á dúró, iyùn á pé lọ́rùn. Ojú gan-an ni wàhálà ti máa ń yọ. Wọ́n á ti kun ìyá ẹni ọdún 65 bí wọ́n ṣe ń kun ìyàwó ọ̀ṣìngín: dúdú yíká ojú, áíṣádò (pàúdà aláwọ̀ tí wọ́n ń fi kun ìpéǹpéjú) tó ń dán yinrinyinrin, irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ gígùn gbọọrọ. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, dúdú á ti ṣàn wá sábẹ́ ojú, yinrinyinrin á ti kó sínú ìhunjọ awọ, ìyá á wá dà bí ẹni tó sunkún mọ́jú.

Màmá kò dàgbà jù fún mékọ́ọ̀pù, ọ̀nà tí wọ́n fi kùn ún ni kò bá ojú rẹ̀ mu. Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé ojú àgbà, lílà sílẹ̀ ni à ń kùn ún. Ọmọge lè di ojú rẹ̀, kí ẹ kùn ún tán kó tó là á. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún màmá, gbogbo iṣẹ́ yín á wọ abẹ́ awọ tó ti rọ̀ wálẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i.

Awọ ìpéǹpéjú ló fẹ́lẹ́ jù nínú gbogbo awọ ara, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì mílímítà lọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, awọ yẹn á rọ̀, èyí tó wà lábẹ́ irun ojú á sọ̀ kalẹ̀ bo ìpéǹpéjú, ọ̀rá abẹ́ ojú á ti ara rẹ̀ síta, irun ojú á fẹ́lẹ́, àgàgà níhà etí. Omi ojú náà a máa dín kù, ìdí nìyẹn tí pàúdà kékeré tó bá bọ́ sójú àgbà fi máa ń ta á ju bó ṣe ń ta ọmọ rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó mú búrọ́ọ̀ṣì

Ẹ gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa bọ̀ láti iwájú. Gílóòbù tó wà láàárín àjà a máa da òjìji sábẹ́ ojú, ẹ ó wá máa fi kọ̀nsílà, ìpara aláwọ̀ tí wọ́n fi ń bo ibi tó ṣú, bo òjìji tí kò sí lára màmá rárá. Kí màmá jókòó, kó fẹ̀yìn ti àga, kó máa wo iwájú. Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó gbé orí sẹ́yìn, torí awọ ojú á sá lọ sí ìhà etí, ojú tí ẹ bá kùn nígbà náà kì í ṣe ojú tí wọ́n máa rí ní òde.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kun àgbà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó sórí àpótí, kí ojú yín àti ojú màmá dọ́gba. Ọmọlúàbí ni, iṣẹ́ sì ni. Ẹni tó dúró lé màmá lórí, ìpéǹpéjú nìkan ló ń rí, kò rí bí ojú ṣe là.

Ẹ bọ́ ojú pẹ̀lú ọṣẹ tí kì í ta, ẹ nu ún gbẹ, ẹ fi ìpara fífúyẹ́ díẹ̀ ra á, kí ẹ sì fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kó wọ ara. Ẹ má pa ìpara dé etí irun ìpéǹpéjú. Òrí dára, mi ò bá òrí jà, àmọ́ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú òde ni kí ẹ ti fi ra abẹ́ ojú. Òrí tí wọ́n bá fi pa ojú láàárọ̀ máa ń yọ́ tí oòrùn bá mú, òun ló sì máa ń kó tìróò wálẹ̀. Nígbà ọyẹ́, irú ìgbà Ìwúde, ìpara lè pọ̀ díẹ̀ sí i, torí awọ tó gbẹ kì í gba pàúdà dáadáa.

Màmá tó fẹ́ kun ara rẹ̀ tí kò sì lè rí dígí láì lo awò ìwé, kó wá dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá, kó gbé e sórí tábìlì, kó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì. Awò kan sì wà tí wọ́n dìídì ṣe fún mékọ́ọ̀pù, tí èèyàn lè ká dígí rẹ̀ kan wálẹ̀ láti kun ojú kan, kó máa fi ojú kejì ríran. Ẹ bi àwọn tó ń ta awò.

Abẹ́ ojú

Ohun tó bá mọ́lẹ̀ máa ń yọ síta, ohun tó bá ṣú máa ń wọlé. Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Kọ̀nsílà tó mọ́lẹ̀ ju awọ màmá lọ, tí ẹ bá fi sórí àpò abẹ́ ojú, ńṣe ló máa sọ àpò náà di ńlá. Èyí tó bá awọ mu gẹ́lẹ́ ni kí ẹ mú. Tí abẹ́ ojú bá ṣú gan-an, ẹ fi kọ̀nsílà aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ tẹ́ ibi tó ṣú nìkan, kí ẹ tó fi èyí tó bá awọ mu lé e. Àwọ̀ ọsàn ló ń pa ṣíṣú yẹn lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín ni kí ẹ fi máa tẹ̀ ẹ́, torí òun ni kò lágbára púpọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fà á. Lẹ́yìn náà, pàúdà tó kéré jù tí ẹ lè bù. Àṣà tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí dá, tí wọ́n ń bu pàúdà jọ sábẹ́ ojú tí wọ́n á fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ má dán an wò lójú àgbà. Gbogbo ìhunjọ tó wà níbẹ̀ ló máa fara hàn.

Tí màmá bá ní pélé lẹ́rẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀nsílà dúró kó tó kàn án. Ilà tí wọ́n bá fi kọ̀nsílà dí máa ń là lọ́sàn-án gangan, ó sì máa ń burú ju ilà fúnra rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ojú màmá ni, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ ilà rẹ̀.

Irun ojú, àti ọ̀rọ̀ gèlè

Ọ̀pọ̀ màmá ló ti ń fi bíléèdì fá irun ojú láti ìgbà ọmọge, tí wọ́n ń fi pẹ́ńsùlù ya tuntun. Tó bá ti pẹ́ bẹ́ẹ̀, irun náà kì í hù tán mọ́. Ẹ má fá èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ̀mú kékeré ni kí ẹ fi yọ èyí tó bá ṣìnà nìkan. Irun funfun kan tàbí méjì kò ní kí ẹ fà á tu, pẹ́ńsùlù á bò ó.

Ẹ gbé pẹ́ńsùlù dúró tààrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ibi tó bá kàn lókè ni irun ojú máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá dà á kó gba kọ̀rọ̀ ojú níhà etí kọjá, ibẹ̀ ló máa parí sí. Fún àgbà, mo máa ń dá ìrù rẹ̀ dúró díẹ̀ kó tó débẹ̀, torí ìrù gígùn tó dorí kodò máa ń fa gbogbo ojú wálẹ̀. Ìrù kò gbọdọ̀ relẹ̀ ju orí lọ. Àwọ̀ búráùn tó ṣú ni kí ẹ lò. Dúdú kirikiri máa ń mú kí màmá dà bí ẹni tí inú ń bí. Ẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù kó mú, kí ẹ sì máa ya ilà tín-ín-rín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí irun ṣe ń hù. Ilà kan gbàgàdà láti orí dé ìrù, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń wá.

Gèlè wá ńkọ́? Gèlè tí wọ́n bá wé le mọ́ iwájú orí máa ń fa awọ iwájú orí sókè, irun ojú á sì bá a gòkè. Èyí tí ẹ yà sókè tẹ́lẹ̀, nígbà tí oníwèé bá fi ṣe tán, màmá á máa wo gbogbo ayé bí ẹni tí wọ́n sọ nǹkan fún tí kò gbàgbọ́. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan irun ojú, mo máa ń fi ìborùn kékeré so iwájú orí màmá níbi tí gèlè máa jókòó sí, mo sì máa ń fà á le bí gèlè ṣe máa le. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ibi tí irun ojú máa wà gan-an. Ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń rí i pé gèlè ń ṣe àgbà lóore, torí awọ tó sọ̀ kalẹ̀ á gòkè díẹ̀, ìpéǹpéjú á fara hàn. Ẹ̀bùn ni, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má gbára lé e jù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gèlè á dẹ̀, awọ á padà síbi tó wà, ohunkóhun tí ẹ kùn sí ojú oríire yẹn á wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì torí pé ojú fẹ́ là fún orí màmá pa.

Tí irun ojú bá ń re láìsí bíléèdì, pàápàá ìdá kan nínú mẹ́ta tó kángun sí etí, tó sì ń rẹ màmá, tí òtútù ń mú un ju tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, lè wà nídìí rẹ̀.

Áíṣádò: ibi tí iṣẹ́ wà

Àwọ̀ mẹ́ta péré ti tó: èyí tó sún mọ́ àwọ̀ awọ màmá, èyí tó fi díẹ̀ ṣú jù ú lọ, àti èyí tó ṣú dáadáa fún etí ìpéǹpéjú. Kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má dán. Áíṣádò tó ń dán máa ń mú ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí ìhunjọ ni, ìhunjọ á wá pọ̀ ju iye tó jẹ́ lọ.

Ẹ fi àwọ̀ àkọ́kọ́ tẹ́ gbogbo ìpéǹpéjú títí dé abẹ́ irun ojú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá sọ pé: “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wò mí bí ẹni pé à ń sọ̀rọ̀.” Ojú là, iwájú dẹ̀, kò fún irun ojú jọ, kò gbé e sókè. Ọ̀pọ̀ màmá máa ń gbé irun ojú sókè láìmọ̀ tí wọ́n bá rí búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ dúró kó sọ̀ kalẹ̀. Tí ẹ bá bi wọ́n ní nǹkan nípa ọmọ tàbí ọjà, kíá ló máa ń dẹ̀.

Ẹ wá wò ó dáadáa. Ibì kan wà tí awọ ti ṣẹ́ po, tó bo ìpéǹpéjú. Ìṣẹ́po yìí ni àwọn ọmọge máa ń kun àwọ̀ ṣíṣú sí. Tiwa kò ní wọ inú rẹ̀. Òkè rẹ̀ ni à ń lọ, díẹ̀ péré, sábẹ́ egungun tó yí ojú ká. Pẹ̀lú ojú tó là sílẹ̀, ẹ fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó àmì mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ kejì: ọ̀kan lókè ibi tí dúdú ẹyinjú wà, ọ̀kan lókè kọ̀rọ̀ ojú níhà etí, ọ̀kan láàárín méjèèjì. Ẹ wá ní kí màmá di ojú jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, láì fún un pọ̀. Ẹ fi ìka kan gbé irun ojú sókè díẹ̀ kí awọ lè tẹ́, ẹ má fa ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó mọ́ so àwọn àmì yẹn pọ̀, ẹ máa yí i kékeré kékeré, kí ó máa lọ sókè sí ìhà ẹ̀bátí. Kò gbọdọ̀ lọ sí ìhà imú, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju kọ̀rọ̀ ojú lọ.

Kí màmá là ojú. Tí ẹ bá rí àwọ̀ kejì yẹn fẹ́lẹ́, tó ṣẹ́ yọ lókè ìṣẹ́po, ó ti jẹ́. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ gùn ún lókè díẹ̀ sí i. Tó bá kan irun ojú, ó ti pọ̀ jù. Ojú á là, ojú á dì, títí yóò fi dára. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í tó, ẹ má sì wo ojú kan títí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì: ojú méjèèjì àgbà kì í sábà rọ̀ bákan náà. Èyí tó rọ̀ jù, àwọ̀ tirẹ̀ á gòkè díẹ̀ ju ti èkejì lọ kí wọ́n tó dọ́gba.

Màmá tó bá ṣáà fẹ́ kí nǹkan dán, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ fi ìka tẹ èyí tó ń dán wọ́ọ́rọ́wọ́, kì í ṣe oníyinrinyinrin, sí àárín ìpéǹpéjú, ní ibi tó hàn nígbà tí ojú là nìkan. Ó parí.

Ní ti àwọ̀, búráùn, àwọ̀ obì àti àlùkò tó ṣú máa ń dára lára wa. Ẹ má wá áíṣádò tó bá aṣọ mu. Ẹni tó wọ ẹtù kò nílò búlúù lójú, ẹni tó wọ àlàárì, ẹ má kun pupa fún un rárá, torí pupa lórí ìpéǹpéjú àgbà, àrùn ni gbogbo èèyàn máa rò. Sányán nìkan ló ń bá áíṣádò ṣọ̀rẹ́ láìsí wàhálà.

Tìróò

Mo mọ̀ pé kò sí màmá Ìjẹ̀ṣà tí ẹ máa sọ fún pé kó má lé tìróò. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: òkúta tìróò ìbílẹ̀, òjé ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, òjé sì jẹ́ májèlé tó ń kó jọ sínú ara díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé ló ń ṣe léṣe jù, nítorí náà kí màmá má lé e fún ọmọ ọmọ. Pẹ́ńsùlù ojú tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára ni kí ẹ rà, kódà tí ẹ bá ń rà á ní ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ òkúta náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìdí irun ìpéǹpéjú òkè ni kí ẹ ti fi pẹ́ńsùlù tọ́ka, láàárín irun àti irun. Irun á dà bí èyí tó kún, ilà kankan kò sì ní hàn. Tí ẹ bá fẹ́ ilà lóòótọ́, kó fẹ́lẹ́ níhà imú, kó nípọn díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ, kó sì gbé orí sókè kó tó kan kọ̀rọ̀ níhà etí. Ojú lílà sílẹ̀ lẹ tún máa fi wo ìrù yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni awọ ti máa ń gbé e mì. Màmá tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kó tó o ní ẹyọ ẹyọ, kó wá fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní áíṣádò ṣíṣú so ó pọ̀. Áílánà olómi, ọ̀dà tí wọ́n fi ń ya ilà ojú, kò bá ojú àgbà mu, ìhunjọ ló máa ń tọ̀.

Ẹ má lé e sínú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀. Ó ń sọ ojú di kékeré, ó ń ṣàn, ó sì ń dí àwọn ojú ihò tí ọ̀rá tó ń ran omi ojú lọ́wọ́ ń gbà jáde, ojú tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ á tún gbẹ sí i. Kí kálukú sì ní tirẹ̀. Ọ̀nà kan tí àpólò fi ń yí gbogbo ilé ká ni igi tìróò tí ìyá, ọmọ àti àbúrò jọ ń lò. (Ọdún 1969 tí Apollo gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ni àjàkálẹ̀ ojú pípọ́n náà bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ.)

Irun ìpéǹpéjú

Ẹ fi màsíkárà tí omi kì í tètè wẹ̀ kun ti òkè nìkan. Tó bá ti pé oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ṣí i, ẹ jù ú nù, ẹ má fi omi tàbí itọ́ là á. Irun àlẹ̀mọ́ gígùn wúwo lórí ìpéǹpéjú tó ti ń wálẹ̀. Tí ẹ bá máa lẹ̀ ẹ́, ẹ gé e sí méjì, ẹ lo ìdajì kúkúrú níhà etí nìkan, kí ẹ sì ti tọ́ gúlù rẹ̀ sí apá inú ọwọ́ màmá ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ wò ó bóyá yóò yún un.

Màmá tó ń lo awò ìwé ní òde, awò yẹn máa ń sọ ojú rẹ̀ di ńlá, àṣìṣe á sì di ńlá pẹ̀lú. Kó wọ awò náà kí ẹ tó sọ pé ẹ ti parí. Awò ìríran ọ̀nà jíjìn, ńṣe lòun máa ń sọ ojú di kékeré, ẹ lè fi díẹ̀ kún ilà tìróò nígbà yẹn.

Lóde, àti nígbà tí wọ́n bá délé

Kí oníwèé gèlè tó kúrò nílé, ẹ ní kí màmá rẹ́rìn-ín gan-an, ẹ̀rín tó dénú, kí ẹ wo ibi tí kọ̀nsílà kó jọ sí, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi tíṣù kan sínú àpamọ́wọ́ rẹ̀. Tí òógùn bá dé, kó tẹ̀ ẹ́, kó má nù ún. Iyán gbígbóná àti ọbẹ̀ rẹ̀ máa ń mú ojú làágùn ju oòrùn lọ, kò sí bí a ṣe lè ní kí Ìjẹ̀ṣà má jẹ iyán, nítorí náà tíṣù yẹn ṣe pàtàkì.

Lálẹ́, ẹ fi òróró àgbọn díẹ̀ sí òwú, ẹ gbé e lé ojú tó dì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kí mékọ́ọ̀pù yọ́, kí ẹ wá nù ún wálẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ má ha á. Ẹ fi omi àti ọṣẹ bọ́ ojú lẹ́yìn náà.

Màmá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún, kò gbọdọ̀ sí mékọ́ọ̀pù lójú rẹ̀ títí dókítà yóò fi ní ó yá. Ojú tó bá pọ́n, tó ń dùn, tàbí tí ìríran rẹ̀ ṣàdédé yí padà, ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa. Àwọn kan nínú oògùn ojú tí wọ́n ń kán fún glaucoma, àrùn ojú tó ń ba ìríran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, a máa sọ irun ìpéǹpéjú di gígùn, a sì máa mú awọ yíká ojú ṣú, nítorí náà tí kọ̀nsílà kò bá bo ṣíṣú ojú màmá mọ́ bí ó ṣe ń bò ó tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn. Kó má tìtorí ẹ̀ dá a dúró láì bá dókítà sọ̀rọ̀. Tí oògùn àárọ̀ bá wà, kó kán an kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mékọ́ọ̀pù, kí ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15. Ti alẹ́, ó di ìgbà tí ojú bá mọ́ tán.